Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Lo Oògùn Ìran

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kí n tó mọ̀ pé èdè tí bàbá mi fi tọ́ mi dàgbà kì í ṣe èdè tí wọ́n fi tọ́ òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan ni mo mọ̀ ọ́n, ní agogo méjì ọ̀sán, nínú yàrá dókítà kan ní Bern, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí tí àyà mi ń já bíi kí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe débẹ̀.

Gottfried Stalder ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Godi ni gbogbo Trub ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi tọ́jú ọ̀nà abúlé wa. Òun ló ń gé koríko ẹ̀bá ọ̀nà, òun ló ń kó ewé kúrò nínú gọ́tà, tí òjò dídì bá sì bọ́, òun ló ń fi ọkọ̀ gbá a kúrò kí ọkọ̀ tó ń kó wàrà tó kọjá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹyọ kan ni yóò dáhùn, orí lásán ni yóò sì mì.

Ohun tí àwa ará ilé mọ̀, tí ará ìta ò mọ̀, ni pé tí oṣù kọkànlá bá ti dé, tí kùrukùru bá ti bo àfonífojì, bàbá mi á gun orí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri. Tí iṣẹ́ bá pè é, á dìde, á lọ gbá ọ̀nà, á padà wá, á tún kọjú sí ògiri, nígbà mìíràn tòun ti bàtà. Ọdún mìíràn á dìde nígbà Kérésìmesì. Ọdún mìíràn, ó di oṣù kejì. Irú oògùn márùn-ún ni wọ́n ti fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ó ń padà wá bó ṣe lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí iṣẹ́ tí yóò fà á dìde mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, màmá mi, Rösli, wọ inú abà lọ láti kó igi, ó sì bá a níbẹ̀ tó jókòó lórí kùkùté pẹ̀lú okùn lórí itan. Màmá ò pariwo. Ó gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sọ ọ́ sínú ààrò, lẹ́yìn náà ló pè mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ni mo máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ti tọ́jú ilé igba èèyàn. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe nínú ilé tiwa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi sọ rí nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ àfisóko ni. Láyé ìgbà náà, bí ọkọ obìnrin tálákà bá kú, àwọn aláṣẹ abúlé á wá mú ọmọ rẹ̀, wọ́n á fi í sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan, ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Ohun tó sọ ni pé, “Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n wá mú mi. Ìyá mi ń fọṣọ. Ó kọ̀yìn sí mi. Kò wojú mi.” Ó parí. Èmi náà gba ìyá àgbà tí n kò rí rí yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀dájú, mo sì kórìíra rẹ̀.

Dókítà Zbinden tó ń wo bàbá mi ní Bern jẹ́ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bàtà onírun àgùntàn ló máa ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó.

“Ọ̀gbẹ́ni Stalder, oògùn kan wà tí a kò tíì dán wò fún yín. LSD ni, oògùn tó ń mú èèyàn rí ìran.”

Mo rò pé etí mi ló ń dún. Nígbà tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa tó ti lo nǹkan yẹn níbi ijó, ó ń pariwo pé ọwọ́ òun ti di iná. Èèyàn mẹ́rin ló dì í mú.

“Dókítà,” mo ní, “ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o!”

Màmá mi ní tirẹ̀ ti mú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ má bínú, Dókítà. Ṣé èyí tí àwọn onírun gígùn ń lá lórí bébà nìyẹn, tí wọ́n á wá máa bá màlúù sọ̀rọ̀?”

“Rösli,” bàbá mi dá sí i, “èmi náà ń bá màlúù sọ̀rọ̀, n kò sì lá nǹkan kan.”

Gbogbo wa yíjú wò ó. Láti bí oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tó sọ nìyẹn.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín àrínjù, ó kàn ṣàlàyé. Ó ní ní Basel, nílẹ̀ wa níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe oògùn náà, pé àwọn dókítà ti fi tọ́jú èèyàn nígbà kan kí òfin tó kà á léèwọ̀, pé nísinsìnyí òun lè tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba fún aláìsàn kan lẹ́ẹ̀kan, tí oògùn yòókù bá ti kùnà. Ó ní wọn kì í fún ẹni tí wèrè bá wà ní ìdílé rẹ̀. Wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n á dín oògùn tó ń lò kù díẹ̀díẹ̀, òun àti nọ́ọ̀sì kan á sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí yóò fi tán lójú rẹ̀.

“Ṣé yóò wò ó sàn?” màmá mi bi í.

“N kò ṣèlérí, ìyá. Ara àwọn kan máa ń yá. Àwọn kan á wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn kan gidi.”

“Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀,” bàbá mi wí. “Ẹ tọrọ àṣẹ náà.”

Èmi ò fọwọ́ sí i. Mo bá a jà nínú ọkọ̀, mo bá a jà nílé. Ó ń gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí òrùlé.

Ìjọba fọwọ́ sí i, ọjọ́ náà sì pé nínú oṣù kẹta. A gbé e dé ọ́fíìsì Dókítà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá. Matírẹ́ẹ̀sì wà nílẹ̀, àti aṣọ òtútù, àti ìbòjú dúdú, àti rédíò kékeré kan fún orin. Wọ́n ní kí a padà wá ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Màmá lọ jókòó sílé àbúrò rẹ̀ lápá kejì ìlú. Èmi jókòó sí ilé ìkọ́fí tó wà lódìkejì títì, mo mu kọ́fí mẹ́rin, n kò mọ ìtọ́wò ìkankan nínú wọn.

Ní agogo méjì ku díẹ̀, tẹlifóònù mi dún, Dókítà ni.

“Käthi, ẹ má jáyà. Ara bàbá yín le. Ṣùgbọ́n ó ń bèèrè yín, ó sì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé tí òun bá bèèrè yín kí a pè yín.”

Mo sá kọjá títì láìwo ọ̀tún wo òsì.

Bàbá mi wà nílẹ̀, ó ká jọ, eékún rẹ̀ kan àyà. Ọkùnrin gìrìwò tó ń fi ọwọ́ kan gbé òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ló di bíńtín lábẹ́ aṣọ òtútù. Ó ti ṣí ìbòjú kúrò. Ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn yẹn ló dẹ́rù bà mí. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó jọ èdè wa, kò sì jẹ́ èdè wa. Ó ń fa ọ̀rọ̀ níbi tí àwa kì í ti í fà á, ó ń pe nǹkan ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí. Mo kúnlẹ̀ gbì. Mo wí nínú ara mi pé ó ti tán, wọ́n ti ba bàbá mi lórí jẹ́.

“Kí lẹ ṣe fún un? Irú èdè wo nìyẹn?”

Dókítà Zbinden pàápàá, omi ti lé sí i lójú. “Èdè Guggisberg ni,” ó wí pẹ̀lẹ́. “Ìyá ìyá mi ń sọ ọ́. N kò gbọ́ ọ báyìí láti ìgbà tó ti kú.”

Guggisberg! Orí òkè lódìkejì Bern lọ́hùn-ún. Bàbá mi kò dárúkọ ibẹ̀ fún wa rí.

Ó rí mi. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ le bíi pákó. Ó wá fi èdè tiwa sọ̀rọ̀. “Käthi. Mo yí i po lọ síwájú. Kò lójú.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Ìyá mi. Ó ń fọṣọ. Mo yí i po kí n lè rí ojú rẹ̀. Kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Ó dán bí àwo.”

Dókítà fara balẹ̀ bi í léèrè, “Ọ̀gbẹ́ni Stalder, ṣé ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀, àbí ẹ fẹ́ dúró?”

“Mo fẹ́ dúró.”

Ó bo ojú rẹ̀ padà. Fún bíi wákàtí kan, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ìka mi kú tipiri. Lójijì ó ní, “Omi yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́.” Nínú ìran náà, ó ti ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n ìfọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ tó ti bí mi.

Nígbà tí a ń padà sílé lálẹ́, òun ló sọ̀rọ̀ láti Bern dé Trub. Èdè Guggisberg ń yọ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹja ṣe ń yọ lójú omi. Màmá mi, tó ń wa ọkọ̀, wò mí nínú dígí.

“Ta lẹ gbé lé mi lọ́wọ́ yìí?”

“Àgbẹ̀ tó gbà mí ló lu èdè yìí kúrò lẹ́nu mi,” bàbá mi wí. “Ọ̀rọ̀ kan bíi ti ilé wa, ìgbátí kan. Kí ọdún tó yí po, mo ti gbàgbé. Mo rò pé mo ti gbàgbé.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà kìlọ̀ fún un. “Ohun tí ẹ rí kì í ṣe ẹlẹ́rìí o. Ọkàn yín ló yà á. Ẹ má fi dá ìyá yín lẹ́jọ́, ẹ má sì fi dá a láre.”

“Mo mọ̀,” bàbá mi dáhùn. “Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rí ìwé wọn.”

Gbogbo ọmọ àfisóko ló ní fáìlì níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Ọdún gbọọrọ ni màmá mi fi bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ bèèrè tirẹ̀, kò gbà. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà. Inú oṣù kẹfà ni wọ́n tó pè wá. Obìnrin tó gbé páálí aláwọ̀ eérú náà sílẹ̀ níwájú wa ní, “Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Gbogbo èèyàn ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.”

Bàbá mi kì í tètè kàwé, nítorí náà èmi ni mo kà á sókè.

Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Lina Stalder, ìyá rẹ̀, ló fi pẹ́ńsùlù kọ wọ́n sí àwọn aláṣẹ abúlé, láti ọdún 1955 títí di 1959. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lu òǹtẹ̀ kan náà sí: *A ti rí i. Kò sí èsì.*

Èkíní ní: *Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ṣé Godi ní bàtà? Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wú tí òtútù bá mú.*

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀kẹrin ní: *Ẹ ní tí mo bá pariwo lọ́jọ́ tí ẹ ó mú un, ẹ ó mú àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. N kò pariwo. N kò wò ó, torí pé bí mo bá wò ó, n bá pariwo. Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Ẹ dá a padà fún mi.*

“Tún un kà,” bàbá mi wí. Mo tún un kà. “Tún un kà.” Màmá mi ti bo ẹnu.

Ẹ̀keje kúrú: *Ueli kékeré, àbúrò rẹ̀, ti kú nínú oṣù kejì, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Kò sí ohun tí ẹ tún lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́ àfi ẹni tí ẹ ti gbà.*

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Bí mo bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kẹsàn-án, n bá sọ pé ojú ń ro mí. Mo kàn ń kà á lọ ni: *Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé oko náà ní ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mo fi rìn. Àgbẹ̀ náà tú ajá sí mi. Bàtà mi kan ṣẹ́kù sínú pápá wọn. Mo rí ọmọkùnrin kan lójú fèrèsé àjà, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá òun ni. Ó ti ga jù.*

Bàbá mi dìde dúró. Ojú rẹ̀ funfun bí ògiri.

“Èmi ni,” ó wí.

“Bàbá…”

“Èmi ni. Wọ́n ní oníbárà ni. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín nítorí bàtà kan tó wọ̀ tó ń sá. Käthi, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí.”

Ó rìn jáde. A bá a ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń bì.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo Trub ń gé koríko, tí oòrùn ń ràn, bàbá mi gun bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lásìkò yẹn. Mo pe Dókítà Zbinden, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ sí dókítà. Mo ní wọ́n ti pa á. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ wá sí Trub, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ẹ̀kẹta.

Ní ìgbà kẹta yẹn ni màmá mi bínú. Ọbẹ̀ ọkà báálì ló ń rò. Ó sọ ṣíbí ìrobẹ̀ náà sínú ìkòkò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi sùn ti ọkùnrin yìí! Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo dákẹ́. Kò sọ. Wọ́n wá fún un ní nǹkan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ó tú gbogbo rẹ̀ síta fún àlejò. Kí ni mo wá wà fún nínú ilé yìí, Godi? Ta ni mo jẹ́?”

Dókítà wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Bàbá mi yí padà láti ibi ògiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ara ń ro.

“Ìwọ lo gba okùn lọ́wọ́ mi.”

Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ó lo oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kó má lò ó mọ́, ó ní òun ò lè fi obìnrin yẹn sílẹ̀ nínú pápá. Wọn ò pè mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé láti gbé e, ó ti jókòó sórí àga, ó ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàsì, ojú rẹ̀ wú.

“Báwo ló ṣe rí?” màmá bi í.

“Mo bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà. Mo bá a sá. A jọ sá títí a fi dé inú igbó.”

“Ajá náà ńkọ́?”

“Kò bá wa.” Ó gé búrẹ́dì sí i. “Mo mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, Rösli. Má wò mí bí ẹni tó ti ya wèrè. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Oṣù kẹwàá, a lọ sí Guggisberg kí ó lè dúró níbi ibojì ìyá rẹ̀. Ọdún 1983 ló kú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣọ́ ìwé ìsìnkú ní ọ́fíìsì abúlé wá a, ó wá a, ó wá gbé ojú sókè, ojú ń tì í. Ó ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọ́n máa ń tú ibojì kí àyè lè gba ẹlòmíràn. Wọ́n ti tú ìlà yẹn láti ọdún 2008. Koríko ló wà níbẹ̀.

“Koríko!” màmá mi pariwo. “Ẹ gba ọmọ rẹ̀, ẹ gba ilẹ̀ tó sùn sí! Kí ló tún kù tí ẹ máa gbà?”

“Rösli, ọmọdé ni. Kì í ṣe òun ló ṣe é.” Bàbá mi tẹ̀ síwájú, ó sì bá ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ̀rọ̀ ní èdè Guggisberg. Ọmọ náà ya ẹnu, ó fi èdè kan náà dá a lóhùn, ó bi í pé ọmọ ilé ta ni.

“Ọmọ Lina alágbàfọ̀,” bàbá mi wí.

Àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà mú wa jáde, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tí ìlà náà ti wà, láàárín igi méjì. Wọ́n dúró síbẹ̀, bàbá àti màmá mi, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Òjò ń sẹ̀ wínníwínní. Èmi lọ dúró sídìí ọkọ̀.

Ọdún kẹta rèé. Oṣù kọkànlá ṣì ń mú un, ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á dìde. Ó ṣì ń lo oògùn kan nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò ní lo oògùn ìran mọ́, pé ẹ̀ẹ̀mejì tó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun àti àwọn arúgbó mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ àfisóko bíi tirẹ̀ ń pàdé ní Langnau, wọ́n ń fi káàdì ṣeré, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dúró mọ́ nígbà tó bá dé. Màmá mi a máa ní kó jẹ́ kí òun sùn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ máa ń bi mí bóyá oògùn náà dára. N kì í mọ ohun tí mo máa sọ. Mo rí bàbá mi tó ká jọ nílẹ̀, mo rí ọjọ́ tó gun bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé àyà mi ò tíì wálẹ̀, àti pé bàbá mi ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú.